Ohun Keje Tí Mo Fi Kún Eré Náà

Láti ọjọ́ tí ọkùnrin ará Umunya náà ti kọ́kọ́ pè mí ní ọgọ ni ara ti ń fu Àǹtí Àgbà sí i. Ọgọ ni àwọn Igbo ń pe àna wọn, kò sì sẹ́ni tó tíì fún un níyàwó nílé wa. Ó kàn wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kí bàbá mi, ó kí Àǹtí Àgbà, ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ọgọ m, ọjà ńkọ́?" Àbúrò mi obìnrin ń wọn aṣọ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti gbàgbé ibi tó wọ̀n ọ́n dé.

"Ta ni àna rẹ̀ níbí?" ni Àǹtí Àgbà bi mí nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán.

"Ó ń ṣàwàdà ni, Àǹtí."

"Àwàdà wo? Ó ti rò ó délé kó tó wá sọ ọ́ síta."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Àǹtí Àgbà. Opó ni, díákónẹ́ẹ̀sì sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, aṣọ ni ìdílé wa ń tà ní Onitsha kí ogun tó dé. Nígbà tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, Àǹtí Àgbà ló kó àwa ọmọdé sínú lọ́rì, a gba orí afárá Odò Ọya kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, a ò sì padà títí ogun fi parí. Nígbà tí a fi máa dé, Onitsha ti dà bí ilé tí onílé kó wọ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ parí. Ojú ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri ilé tó kọjú sí tiwa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun sì ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó epo ti wọ ìlú, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé. Páànù, ìṣó àti irin ìkọ́lé ni ará Umunya náà ń tà, ọjà rẹ̀ sì ń yá ju tiwa lọ fíìfíì. Ìyẹn náà wà nínú ohun tí Àǹtí Àgbà fi ń wò ó tìfura-tìfura.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní láti sọ bí eré náà ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà ló mú un wá nígbà tó wá kí wa. Páálí kékeré kan ni, ìwé pẹlẹbẹ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ́ mi, ó sì fi í sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà. Kò ní pátákó bíi ti lúdò, kò sì ní ọmọ ayò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ni adarí, òun ni yóò máa sọ ibi tí àwọn yòókù dé àti ohun tó wà níwájú wọn. Oníkálùkù nínú àwọn yòókù yóò dá ẹ̀dá kan: ọmọ ogun ni o, olè ni o, oníṣòwò ni o. Yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀dá yìí tó gbéra rárá, a ní láti mọ irú ènìyàn tó jẹ́. A ó ju dáìsì mẹ́ta, a ó ro ohun tó yọ pọ̀, ìyẹn ni máàkì rẹ̀ fún agbára. Kò lè dín ní mẹ́ta, kò sì lè ju méjìdínlógún lọ. A ó tún jù ú fún ohun kejì, títí ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò fi pé. Dáìsì lúdò la lò, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé tirẹ̀ sí Amẹ́ríkà.

Àwọn ohun mẹ́fà yìí ló gbà mí lọ́kàn ju eré gan-an lọ. Ìwé náà kàn dárúkọ wọn ni, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà kò sì rí ẹni tí mo lè bi, nítorí mi ò gbọ́ pé ẹlòmíràn ní irú rẹ̀ láti orí afárá títí dé Enugu. Mo bá gbé òfin kan kalẹ̀ fún ara mi. Bí mi ò bá lè tọ́ka sí ẹnì kan láàárín ọjà tí ọ̀kan pọ̀ lára rẹ̀ tí èkejì sì kéré, a jẹ́ pé ohun kan náà ni méjèèjì, kí n pa wọ́n pọ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ènìyàn. Alábàárù kan wà ládùúgbò wa tó ń gbé odindi ìdì aṣọ nílẹ̀ bí ẹni gbé ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n kó tó dé ìdajì òpópónà, ó ti ń wá ibi tí yóò sọ ọ́ sí. Obìnrin tó ń pọnmi fún wa kò lè mi ìdì náà lásán, síbẹ̀ kì í jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibà kì í dá a dúbúlẹ̀. Nítorí náà, agbára yàtọ̀ sí ìfaradà. Télọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, àmọ́ bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ti mú un kó tó kanlẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyáwọ́ dá dúró láyè tirẹ̀.

Òye àti ọgbọ́n ló fún mi níṣẹ́ jù. Bí àwa Yorùbá bá ti ní ẹnì kan gbọ́n, a ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan. Ẹ̀gbọ́n mi ará Amẹ́ríkà ló ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀. Ó gbọ́ èdè mẹ́rin, ó ń fi orí lásán ṣe ìṣirò tí mo ń fi bébà ṣe, síbẹ̀ nígbà tó wá kí wa yẹn, ó sanwó mọ́tò fún ọkùnrin kan tí kò ní mọ́tò. Òye rẹ̀ ga, ọgbọ́n rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo pe òye ní bí nǹkan tuntun ṣe ń tètè yé ènìyàn, mo pe ọgbọ́n ní mímọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dìde kúrò níbẹ̀.

Ìkẹfà ni ìfanimọ́ra, ará Umunya náà gan-an ni mo sì fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Kì í ṣe ẹwà. Ọkùnrin náà kúrú, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti dúró síbì kan, àwọn tí kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ yóò yà síbẹ̀.

Àbúrò mi nìkan ni mo kọ́kọ́ ń bá ṣe é, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìjọ. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n ka àwọn nǹkan mẹ́fà náà fún òun. Mo kà wọ́n.

"Ìwà ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀, Àǹtí."

"Kò sí níbẹ̀ báwo? Ẹ dá ènìyàn, ẹ ò fún un níwà? Ẹ fún un lágbára, ẹ fún un lóye, ẹ sì wá tú u sílẹ̀ sígboro?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ènìyàn tí kò ní ìwà, báwo ni Yorùbá kan yóò ṣe máa fi irú rẹ̀ ṣeré? Mo fi òfin mi dán an wò. Mo mọ ẹni tó gbọ́n tí kò níwà. Mo mọ ẹni tó fa ojú mọ́ra tí kò níwà, wọ́n sì pọ̀. Ó dá dúró. Ni mo bá fi ṣe ìkeje, mo sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ pé: ohun tí ẹ̀dá ń ṣe nígbà tí kò sẹ́ni tó fipá mú un, tí kò sì sí èrè níbẹ̀. Ẹni tí dáìsì bá fún ní kékeré gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dá rẹ̀ bí dáìsì ṣe wí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà gan-an.

Kò pẹ́ sí i tí ará Umunya náà fi ránṣẹ́ sí bàbá mi pé àwọn ènìyàn òun fẹ́ gbé ẹmu ìtọrọ ìyàwó wá. Bàbá mi ní òun yóò fèsì, ó sì ní kí Àǹtí Àgbà ṣe ìwádìí. Kò sẹ́ni tó ń fọmọ fọ́kọ láìwádìí, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ tiwa, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ tiwọn. Àǹtí Àgbà wọ mọ́tò Enugu, ó sọ̀ ní Umunya, ó sì fi Igbo tó dán mọ́rán bi àwọn èrò ọjà, ó bi aládùúgbò, ó bi olùkọ́ tó kọ́ ọkùnrin náà níwèé. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ojú rẹ̀ ò dáa.

"Wọ́n ní ó burú?" ni bàbá mi bi í.

"Wọ́n yìn ín."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Gbogbo wọn ló yìn ín! Ta ló dàgbà sí abúlé tí kò ní ẹnì kan ṣoṣo tí kò fẹ́ràn rẹ̀? Ẹnì kan ti bá wọn sọ ọ́ kí n tó dé." Ó bọ́ gèlè rẹ̀ sórí itan. Ó wá wò mí. "Pè é wá síbi eré yín yẹn. Ẹ ní ẹ ń ju ìwà níbẹ̀, àbí? Ẹ jẹ́ kí n rí tirẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún un pé ìwà ẹ̀dá inú eré la ń jù, kì í ṣe ti ẹni tó ń jù ú. Ó ní òun gbọ́.

Ará Umunya náà wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Igbo àti Pidgin la fi ṣeré náà. Ó gbá a mú kíá, bí ẹni tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, mo sì kọ ìyẹn sọ́kàn. Olè ló ní òun fẹ́ ṣe. Àǹtí Àgbà wú ikọ́ díẹ̀. Ó ju agbára, ó ju ìfaradà, kò sí èyí tó burú jù. Òye rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Nígbà tó kan ìwà, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì ló yọ. Mẹ́rin.

"No be me o," ló sọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, "na dice."

Mo mú olè rẹ̀ àti jagunjagun àbúrò mi rìn nínú igbó títí wọ́n fi dé etí odò kan. Àwọn agbéwiri ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Àpò owó rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀?" ni ọkùnrin náà bi mí, ó ń tọ́ka sí àbúrò mi.

"Ó ti gbé e síbẹ̀."

"Ó dáa. Mo ti ọkọ̀ kúrò létí omi. Mo ń lọ."

Àbúrò mi pariwo, ó fi bébà lù ú léjìká. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ Àǹtí Àgbà ti dúró nínú ẹ̀wà.

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí Àgbà ní, "Ẹ rí i? Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Mẹ́rin ló jù, Àǹtí!" ni àbúrò mi sọ. "Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

"Kó kábàámọ̀ díẹ̀! Kó bojú wẹ̀yìn!"

Mo fẹ́ gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Dáìsì sọ pé olè náà yóò fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n dáìsì náà ló sọ pé òye rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Ẹni tí òye rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, tí àwọn agbéwiri ń lé bọ̀, kò ní rántí béèrè àpò kó tó ti ọkọ̀. Ta ló wá rántí àpò? Kì í ṣe olè náà. Mo tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi kan náà ni mo ń já sí: ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló rántí. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Àgbà, ó sì mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àǹtí Àgbà sọ fún bàbá mi pé kó má gba ẹmu náà. Àbúrò mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà bá tọ́ka sí. Bàbá mi mọ ọmọ rẹ̀, ó mọ̀ pé kì í dẹ́rù bani lásán. Ó ní kí a tún ọ̀rọ̀ náà wò kí àwọn ará Umunya tó dé lópin ọ̀sẹ̀.

Mo dá a lábàá pé kí a tún eré náà ṣe, ṣùgbọ́n kí n yọ ìwà kúrò nínú ohun tí à ń jù. Bí dáìsì kò bá sọ ìwà ẹ̀dá, ẹni tó ń ṣe é yóò ní láti mú un wá láti inú ara rẹ̀. Lójú mi, kò sí ìdánwò tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò ráyè ro ibòmíràn, nítorí náà igbó yẹn àti odò yẹn náà ni mo tún lò.

Ará Umunya náà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, olè rẹ̀ ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ó gbé arúgbó kan kọjá ẹrẹ̀. Ó fi oúnjẹ rẹ̀ fún ajá. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ó ní kí jagunjagun àbúrò mi wọ ọkọ̀, òun yóò dúró kojú àwọn agbéwiri. Àǹtí Àgbà ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ fún mi pé, "Ẹnì kan ti sọ fún eléyìí."

Gbogbo wa wo àbúrò mi.

"Mo sọ fún un," ló wí. "Ẹ ní kí n dákẹ́ kẹ́ ẹ máa fi ọkọ tí mo fẹ́ ṣeré?"

"Ìwọ ọmọ yìí!"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ bọ́ síbí, kẹ́yin náà jù ú." Ó kó dáìsì lé e lọ́wọ́. "Ẹ padà fi ìwà sí i, Bọ̀ọ̀dá mi. Ká jọ wo tiwọn."

Mo rò pé Àǹtí Àgbà yóò sọ ọ́ nù. Ó jù ú. Oníṣòwò obìnrin ló ní òun jẹ́. Nígbà tó kan ìwà, ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan ló yọ. Kò sí èyí tó kéré jù ú nínú eré náà. Ará Umunya náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò mi kò tilẹ̀ bò ó.

"Mẹ́ta ni," ni mo wí. "Àǹtí, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é bó ṣe wí o."

"Ṣé mo ní mi ò ní ṣe é ni?"

A tún ìrìn náà bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rò pé mo ti rí ẹni tó burú tó oníṣòwò yẹn. Ó ta oúnjẹ ajá náà padà fún ẹni tó fún ajá. Ó sọ fún arúgbó inú ẹrẹ̀ pé ọ̀nà kò jìn mọ́, ó sì gba owó ìfinimọ̀nà. Ó parọ́ fún jagunjagun nípa olè, ó parọ́ fún olè nípa jagunjagun, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ja. Omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á ní, "Gbà mí láyè, mi ò tíì ṣe tán!" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń ronú pé òye tirẹ̀ nínú eré kò ju méje lọ.

Wọ́n dé etí odò. Mo ní, "Ọkọ̀ kan ló wà. Àwọn agbéwiri ti súnmọ́."

"Mo wọlé," ni Àǹtí Àgbà wí. "Mo kó ẹrù mi. Mo fi gbogbo wọn sílẹ̀ létí omi, mo kọjá lọ."

Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀rín náà sì lọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Ará Umunya náà ti gbé dáìsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Nne," ló pè é, bí Igbo ṣe ń pe ìyá, "mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Kì í ṣe eré."

"Béèrè."

"Àwọn ènìyàn mi ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀yin ará ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí ìlú gbóná, ẹ kọjá afárá, a sì wà níbí. Mi ò bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún gbóná lọ́la, ṣé ẹ máa gbé ìyàwó mi kọjá kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀?"

Mo wo bàbá mi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀. A ti ń wádìí ọkùnrin yìí láti ìgbà yìí wá. Kò tíì sẹ́ni tó wá sí wa lọ́kàn pé òun náà ń wádìí wa.

Àǹtí Àgbà kó àwọn ẹ̀wà tó bọ́ sílẹ̀, ó dà wọ́n sínú àwo. "Bí mo bá wà láyè," ló wí ní Igbo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "tí mo sì rí i pé ó ń gbóná, màá gbé e. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Màá gbé e, àti ọmọ tó bá bí."

"Èmi ńkọ́?"

"Bí àyè bá wà, o ó wọlé."

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. "Ó dáa," ló wí. "Ìyẹn ni mo lè gbé lọ fún wọn ní Umunya. Bí ẹ bá ní rárá ni, mi ò ní gbà yín gbọ́."

Àbúrò mi ní, "Kò sẹ́ni tó bi èmi." Àwọn méjèèjì yíjú sí i. "Èmi kì í ṣe ẹrù. Bó bá gbóná, èmi ni màá sọ bóyá mo ń lọ tàbí mi ò lọ."

Àǹtí Àgbà gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá bàbá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohun tó sọ fún un: òun kò tíì mọ ọkùnrin náà síbẹ̀, ara ṣì ń fu òun, ṣùgbọ́n ohun tó béèrè ni òun náà ì bá béèrè bó bá jẹ́ òun ni. Kí wọ́n gbé ẹmu wọn wá.

Wọ́n gbé e wá, a sì gbà á. Nígbà tí a jókòó láti sọ̀rọ̀ ibi tí tọkọtaya náà yóò gbé, ará Umunya ní òun ti rí ilé tuntun kan ní àdúgbò Awada, yàrá méjì, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Bàbá mi ní ó dáa. Àǹtí Àgbà ní kò dáa, Awada ti jìnnà jù, kí wọ́n wá ilé sí Woliwo.

"Ó jìnnà sí ibo?" ni bàbá mi bi í. "Sí ọjà?"

Àǹtí Àgbà ń tún ìró rẹ̀ ró. Ará Umunya náà wò ó, ó mọ̀ dájú pé kì í ṣe ọjà. Nínú àdúgbò méjèèjì, Woliwo ló súnmọ́ afárá Odò Ọya jù.

"Woliwo náà ló dára," ni ọkùnrin náà wí. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ wá ilé síbẹ̀.